Ìpàtẹ Tí Alága Fi Àtúnṣe Bà Jẹ́

Alága ni gbogbo yunifásítì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe alága ẹgbẹ́ kankan rí láyé rẹ̀. Kò du ipò, kò pe ìpàdé, kò sì sí ẹni tó dìbò fún un. Àga ló ń tún ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà kan tí ẹnu wọn mú ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ ọn títí tí ọkọ rẹ̀ pàápàá fi ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹnu géètì tí ẹ ní Alága lẹ ń wá, ẹ̀ṣọ́ kò ní júwe ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ fún yín. Yóò ní kí ẹ máa tẹ̀lé òórùn pákó.

Àwọn kan a máa béèrè pé ìgbà wo ni obìnrin di gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ bí ọmọbìnrin márùn-ún léraléra ni, tó wá wò ó pé òòlù kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin. Àwọn mẹ́rin yòókù sá fún un. Òun nìkan ló dúró, ìdúró náà sì pé e.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò le. Bí àga bá bàjẹ́ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹni tó bá rí i á kọ nọ́ńbà yàrá náà àti ohun tó ṣe àga sórí bébà pélébé, á fi okùn so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alága á ti ọmọlanke rẹ̀ kọjá láàárọ̀, á kó gbogbo èyí tó bá ní bébà lẹ́sẹ̀. Kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, nítorí bébà ti rò ó tán. Bí iṣẹ́ bá parí, á tú bébà náà, á fi gún orí ìṣó gígùn kan tó wà lára ògiri rẹ̀, àga á sì padà síbi tó ti wá. Àga tí kò bá ní bébà lẹ́sẹ̀, ì báà máa mì bí eyín arúgbó, kò ní fọwọ́ kàn án. Ó ní aláìsàn tí kò bá ké kò tíì fẹ́ dókítà.

Àmọ́ láti bí ọdún kan, bébà ti dáwọ́ dúró. Àga oníke tuntun ń wọlé nínú páálí, àwọn onípákó ń gba ẹ̀yìn ilé jáde lọ sí ààtàn, kò sì sí ẹni tó ń so nǹkan mọ́ nǹkan lẹ́sẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà ni lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì akápò. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, wọ́n kí i, wọ́n yìn ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé ó rọrùn láti ra tuntun ju kí a máa tún ògbólógbòó ṣe lọ. Tí oṣù bá parí, yàrá rẹ̀ yóò di ibi tí wọ́n ń kó páálí sí. Òun alára yóò lọ máa pín kọ́kọ́rọ́ ní ilé àwọn aláṣẹ, ọdún méjì péré ló sì kù kó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ ìjókòó ni, orí àga oníke.

Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ ló dùn ún. Ẹni tó ti fọwọ́ gbé igi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ kò lè wúwo jù fún un. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé kò sí ẹni tí yóò gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ méjì ló bí. Ọ̀kan ń ṣe nọ́ọ̀sì, èkejì ń yàwòrán ilé, àwọn méjèèjì sì ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà wá bí ilẹ̀kùn wọn bá yẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́, tí bàbá bàbá rẹ̀ sì gbé lé ìyẹn lọ́wọ́, ibi tó dé dúró nìyẹn. Bí ó bá ti ti yàrá yẹn pa, ó parí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan tó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn ńlá, nítorí pé ilẹ̀kùn ibẹ̀ ń ké. Ó ti ilẹ̀kùn, ó wo inú, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá.

Wọ́n ti kó gbogbo àga gbọ̀ngàn náà jáde. Láàárín ilẹ̀ gbalasa yẹn, àga onípákó ni wọ́n tò jọ gègèrè, èyí tí kò lẹ́sẹ̀ lórí èyí tí kò lẹ́yìn, èyí tí ìjókòó rẹ̀ ti là sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń fì. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Gbogbo wọn pátá ló ní bébà lẹ́sẹ̀.

Ó tẹ̀ síwájú, ó ka àkọ́kọ́. "Àga 1. Yàrá ìdánwò kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn ti ṣẹ́." Ó ka ìkejì. "Àga 2. Ilé ìkàwé, òkè kẹta. Ẹ̀yìn ti já." Ọwọ́ tó kọ ọ́ mọ́, kò fi ohunkóhun pamọ́. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì rí kí wọ́n kọ ẹ̀sùn àga dáadáa báyìí rí.

Ó yíjú sí olùtọ́jú gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan tó máa ń dáhùn ìdajì ìbéèrè. "Ta ló kó wọn wá?"

"Dókítà ọ̀rọ̀ àyíká ni, òun àtàwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀."

"Wọ́n ní ká ṣe é tán nígbà wo?"

"Èmi ò mọ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá wò wọ́n ní Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá."

"Wọ́n ń bọ̀ wá wo àwọn àga yìí?"

"Àga náà ni."

"Ó ti yé mi," ni Alága wí.

Kò yé e rárá. Dókítà ọ̀rọ̀ àyíká, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún méjì sẹ́yìn, kò mọ ohunkóhun nípa àṣà bébà. Ìpàtẹ ló fẹ́ ṣe. Oṣù mẹ́ta lòun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ń ṣa àga lórí ààtàn, wọ́n ń kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sára bébà, kí àwọn aláṣẹ lè dúró yí òkìtì náà ká, kí wọ́n rí bí yunifásítì ṣe ń fi nǹkan ṣòfò láàárín sáà kan ṣoṣo, kí ojú sì tì wọ́n. Pátákó tí wọ́n kọ ìpàtẹ sí ṣì wà nílé rẹ̀, aárọ̀ Mọ́ńdè ló fẹ́ gbé e kọ́. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni Alága ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tí bébà ti ń bá sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, bébà ló gbọ́.

Lójú tirẹ̀, àwọn aláṣẹ ti ronú pìwà dà, tàbí kí wọ́n kúkú fẹ́ dán an wò. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, ara rẹ̀ yá gágá. Ó kó àga mẹ́fà sórí ọmọlanke, ó ń kọrin lọ. Ilẹ̀kùn tó ń ké, ó ṣì ń ké títí di òní.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jí ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti búra pé òun kò tún ní jí kí oòrùn tó yọ fún ẹnikẹ́ni.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dìde. Iṣẹ́ dé."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Iṣẹ́ wa ni."

"Ìgbà wo ló di tiwa? Ìgbà tí wọ́n ń kọ lẹ́tà, ṣé èmi náà ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Ó ń sọ bẹ́ẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Alága fi sáńpépà lé e lọ́wọ́, bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha pákó bí ẹni pé pákó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Méjìdínlógún nínú àwọn àga náà, ìṣó tó tú ni ìṣòro wọn, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn mìíràn fẹ́ gúlù àti sùúrù. Mẹ́sàn-án fẹ́ ẹsẹ̀ tuntun, ó sì gé ẹsẹ̀ wọn lára tábìlì kan tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ilé ìjọsìn dé, àga kan ṣoṣo ló fẹ́ dójú tì í. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó bá a sọ̀rọ̀.

"Jù ú nù," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Méjìlélógójì kò kéré."

"Wọn á kà á."

"Ta ló máa ń ka àga?"

"Ẹni tó kọ nọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀ ni."

Bàbá ju sáńpépà sílẹ̀. Ó di ẹ̀yìn àga náà mú pinpin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí gúlù fi gbẹ, ó ń kùn pé òun ti di irin ìdìmú lọ́jọ́ ogbó òun. Kó tó di àsìkò oúnjẹ alẹ́, àga mẹ́tàlélógójì dúró ní ìlà mẹ́rin nínú gbọ̀ngàn bí nọ́ńbà wọn ṣe tẹ̀ léra, ó ti tú bébà gbogbo wọn, ó sì ti fi gún orí ìṣó.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alága ti dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tó fọ̀ tó sì lọ̀. Ìyìn ló ń retí. Dókítà dé, ó fi pátákó ìpàtẹ sábẹ́ apá.

"Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ẹ wọlé kẹ́ ẹ wò ó."

Dókítà wọlé. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Mà, àwọn àga mi dà?"

"Àwọn nìyí."

"Rárá, mà. Àwọn tó fọ́ ni mò ń sọ."

"Àwọn náà ni. Mẹ́tàlélógójì, ẹ kà á."

Dókítà kà á lóòótọ́. Nígbà tó kà á tán, ó jókòó. Àga mẹ́tàlélógójì ló yí i ká, ilẹ̀ ló jókòó sí.

Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé ìpàtẹ, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ìfiṣòfò ni mo fẹ́ kí wọ́n rí, mà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kó o jọ. Kí ni mo fẹ́ fi hàn wọ́n báyìí? Àga? Ta ni ò rí àga rí?"

Ojú ti Alága dé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lè lanu, ì bá wọlé lọ tàpò-tàpò. Ó ro gbogbo nǹkan yẹn lọ, ó rò ó bọ̀, ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn ló sọ.

"Ṣé kí n tún wọn fọ́ ni?"

Dókítà gbójú sókè.

"Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni," ni Alága wí. "Bí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì fọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó ti ṣe tán kó tó di mẹ́wàá. Mo mọ ibi tó ń dun kálukú wọn."

Ó yọ òòlù, ó dúró ti àga keje, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ kò sọ̀ kalẹ̀. Ó tún un gbé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́, kò tíì fi òòlù fọ́ àga rí, ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà dìde, ó ní kó jẹ́ kí òun ṣe é, ó sì fi gbogbo agbára ta àga náà nípàá. Àga kò mira. Dókítà ló di ọmọ ìka ẹsẹ̀ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri gbọ̀ngàn.

"Mà, kí lẹ fi kàn án?"

"Ìṣó náà ni," ni Alága dáhùn pẹ̀lú ìtìjú.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Dókítà. Alága kò fẹ́ rín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín kì í gbàṣẹ. Àwọn méjèèjì rín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì jókòó sórí àga kẹjọ àti ìkẹsàn-án láti sinmi. Ìgbà yẹn ni Dókítà fọwọ́ pa apá àga tó jókòó lé, ó tún fọwọ́ pa á.

"Àwọn bébà yẹn ńkọ́, mà?"

"Gbogbo wọn wà lórí ìṣó mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó wọn wá."

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni àwọn aláṣẹ dé, àwọn mọ́kànlá. Bí wọ́n ṣe rí àga, wọ́n jókòó, nítorí aláṣẹ kì í dúró níbi tí àga bá wà. Alága ìgbìmọ̀, bàbá kan tó sanra dáadáa, yan èyí tó fẹ̀ jù. Alága tiwa sá sẹ́yìn, ó dúró ti ilẹ̀kùn tó ń ké. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu.

"Dókítà," ni alága ìgbìmọ̀ wí, "a ti dé. Ìpàtẹ dà?"

"Ẹ ti jókòó lé e, sà."

Gbogbo wọn wo ara wọn. Dókítà ṣí bébà kan. "Èyí tó wà lábẹ́ yín, sà, orí ààtàn la ti gbé e. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ò sí." Alága ìgbìmọ̀ rọra gbé ìdí sókè díẹ̀. Dókítà ṣí òmíràn. "Tiyín, mà, yàrá ìdánwò ló ti wá. Ìjókòó ẹ̀ ti là sí méjì." Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ dìde, ó dojú àga rẹ̀ délẹ̀, ó ń wá ojú ọgbẹ́. Kò rí i. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó bá òun wá a. Kó tó di pé Dókítà ka bébà kẹwàá, ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì ti wà lórí eékún, wọ́n ń yẹ ẹsẹ̀ àga wò, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó.

Akápò nìkan ni kò kúnlẹ̀. Ó jókòó, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Àga kò dún.

"Ta ló tún un ṣe?"

Dókítà nawọ́ sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Gbogbo ojú yí padà. Alága rìn wá síwájú.

"Ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?" ni akápò bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Bébà ni mo rí lẹ́sẹ̀ àga."

"Ìgbà wo lẹ ṣe é?"

"Láti ọ̀sán Ẹtì, sà. Ọkọ mi bá mi ha pákó."

"Mélòó ni ò ṣeé tún ṣe nínú wọn?"

"Kò sí, sà. Ọ̀kan lágídí díẹ̀."

Akápò tún fì sẹ́yìn lórí àga náà. "Ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín, ṣó bi yín léèrè ìyẹn kó tó kọ ọ́?"

"Kò bi mí, sà."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀, sà. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀."

Ẹ̀rín sọ nínú gbọ̀ngàn, akápò náà sì rín sí i. Ó ní kí lẹ́tà náà padà síbi tó ti wá, kí yàrá wà ní ṣíṣí. Ó yẹ kí Alága dúpẹ́ kó sì máa lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ì bá ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yọ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀.

"Ẹ ṣé gan-an, sà. Àmọ́ ọdún méjì ló kù fún mi. Tí mo bá lọ, ta ló kù? Mi ò ní ẹni tí mo máa gbé e fún."

Kò sí ẹni tó rín sí ìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó dojú àga délẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní gbogbo ọdún ni àwọn ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi ayé ṣòfò, wọ́n sì ń gba máàkì lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun alára kò lè kan ìṣó kan ṣoṣo. Dókítà ní òun náà kò lè kàn án, pé títa nípàá nìkan lòun mọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé láti sáà yẹn lọ, ọmọ kíláàsì àyíká tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ohun kan ṣe ní yàrá Alága kò ní gba máàkì. Àga tí Alága bá sì sọ pé kò ṣeé tún ṣe mọ́ nìkan ni wọn yóò ra òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Alága délé, ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀ tó dùbúlẹ̀ nítorí ìbàdí tó ń dùn ún.

"Wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ."

"Ìwọ, olùkọ́ yunifásítì?" Bàbá gbórí sókè. "Ṣé kí n máa pè ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Alága ti tó."

"Mélòó ló máa wá?"

"Bí mẹ́fà bá wá, mo dúpẹ́."

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, méjìlélọ́gbọ̀n ló wá. Wọ́n kún yàrá, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, àwọn tó kù dúró sábẹ́ fèrèsé ilé ìkàwé. Òòlù mẹ́rin ni Alága ní. Ó sáré yá mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà tó ń mọ ògiri lápá kejì ọgbà, ó pín wọn sí ọ̀wọ́, ó sì dúró níwájú wọn láìmọ bí olùkọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà wà láàárín wọn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè bí ọmọ iléèwé, ó ń retí. Níkẹyìn, Alága ní, "Ẹ di òòlù mú nísàlẹ̀, ẹ má dì í mú lọ́rùn, kò ṣẹ̀ yín." Wọ́n rín, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó jáde lọ gbé pákó wá níta. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Òòlù méje ń dún nínú yàrá náà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó bá èkejì mu, ọ̀kan ń yára, ọ̀kan ń falẹ̀, ọ̀kan ń lu tábìlì dípò ìṣó. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ ìkànṣó tó burú tó bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ló sì ń kàn án. Ó kọjú sí ògiri kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè gbé pákó náà.

Ọmọbìnrin kan yọjú sẹ́nu ọ̀nà, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ fà ro. "Mà, ìṣó mi ti tẹ̀."

"Fà á yọ," ni Alága wí láìtíì yíjú padà. "Nà án, kó o tún un kàn."